Orúkọ Tí Ẹnu Mi Ò Gbọdọ̀ Pè Ni Mo Fi Ṣe Password

Password gbogbo router tó wà níbi iṣẹ́ ẹbí ọkọ mi, èébú ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo fi bú. Wọ́n sì ti ní kí n kọ ọ́ sórí group ẹbí kó tó di àárọ̀ Sátidé, group tí ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, tí àwọn bàbá kékeré wà níbẹ̀, tí àwọn àǹtí tó wà ní Ayétòrò wà níbẹ̀, tí ẹni tí mo fi bú gan-an sì jẹ́ admin ẹ̀… Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Ẹ̀yin ará page, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Mo mọ̀ yín. Àwọn kan nínú yín ti ń kọ "ìyàwó burúkú" lọ báyìí, wọn ò tíì ka ìlà kejì.

Ẹbí ọkọ mi ní ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ibi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ti máa ń ṣe ìdánwò. Ọ̀kan wà ní Òjó, ọ̀kan wà ní Ìbà, ẹ̀kẹta wà ní Okokomaiko. Òjó ni olórí. Server tí ìbéèrè wà nínú ẹ̀, Òjó ló wà, ibẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìbà àti Okokomaiko ti ń fà á. Tí Òjó bá dákú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dákú nìyẹn. Ta ló so wọ́n pọ̀? Èmi ni. Mo ka Computer Science, mo tún lọ kọ́ iṣẹ́ network lọ́tọ̀. Router tó ń darí ọ̀rọ̀ láti Òjó lọ sí Ìbà, èmi ni mo tò ó. Ọ̀pá tí a rì mọ́ òrùlé ní Okokomaiko, tí abọ́ funfun wà lórí ẹ̀ tó kọjú sí Òjó, èmi ni mo gun àkàbà tí mo ń yí abọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí èkejì ẹ̀, pẹ̀lú oyún nínú, tí àwọn tó ń kọjá ní títì ń pariwo pé madam, ẹ máa já bọ́ o. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sọ ọ́ nítorí pé nínú ẹbí yìí, iṣẹ́ tí o ò bá fi ẹnu ara ẹ sọ, Engineer á ti fi ẹnu tiẹ̀ gbé e lọ.

Engineer ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kì í ṣe engineer o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gba orúkọ náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbísọ àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ ẹ̀ ni, orúkọ mìíràn ló máa fún un. Ìyá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é. Èyí tó kéré jù, Eyínfúnjowó, eyín ọmọ náà sì funfun lóòótọ́. Àwa ìyàwó la máa ń wo èèyàn, tí a ó sì wá orúkọ tó bá a mu. Ó wá kan àkọ́bí wọn. Mo pè é ní Akọ̀wé. Orúkọ iyì ni, àbí irọ́ ni mo pa? Ó ní rárá. Ó ní Engineer ni kí n máa pe òun. Ẹ gbọ́ o! Ó sọ ara ẹ̀ lórúkọ, ó wá fi bọ̀ mí lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ ní àgbo. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, ẹ káàárọ̀ o, Engineer… èmi tí mo jẹ́ pé tí wọ́n bá ń wá engineer nínú ilé yẹn, èmi tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ni.

Business Administration ló kà. Kò sí àbùkù níbẹ̀, àwọn tó kà á tó sì yé wọn wà. Àmọ́ ó lọ sí seminar kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi káàdì kọ́ wọn lọ́rùn, ó sì padà wálé pẹ̀lú vest aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí àwọn tó ń tún títì ṣe máa ń wọ̀ kí mọ́tò má baà gbá wọn. Inú yàrá tí AC wà ló ti ń wọ̀ ọ́. Mọ́tò wo ló fẹ́ gbá a láàárín router méjì? Ẹ bá mi bi í. Lẹ́yìn náà ló sọ yàrá server di ibi mímọ́. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, gbogbo wa, mi ò fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́, ìjọ kọ́ ló rán an níṣẹ́. Ó ní kí gbogbo èèyàn máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn dáa, eruku dín kù. Àmọ́ ọjọ́ kan ni mo wọlé tí mo bá a tó ń fi lọ́fínńdà wọ́n switch, àpótí tí gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà ti ń pàdé. Mo ní Engineer, ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan yìí máa ń gbóná, lọ́fínńdà sì máa ń gbiná. Ó ní èmi ò ní ìgbàgbọ́. Mo ní mo ní ìgbàgbọ́, sà, switch ni kò ní.

Ẹ ó ti rí i pé ẹnu mi ò dáa. Mo mọ̀. Àmọ́ mo ń kúnlẹ̀ fi sọ ọ́ ni o.

Báwo ni password náà ṣe dé? Àwọn tó ni ilé ìwé tó ń kó ọmọ wá fún wa wá wo ilé ìdánwò. Engineer ń mú wọn kiri nínú vest. Ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe so Òjó mọ́ Ìbà, bí òun ṣe gun òrùlé ní Okokomaiko… ẹni tí kò lè gun orí àga kó pààrọ̀ gílóòbù! Wọ́n wá rí mi níbi tí mo jókòó sí, wọ́n ní madam yìí ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní áà, ìyàwó àbúrò mi nìyẹn, òun ló máa ń bá mi tẹ nǹkan.

Ó máa ń bá mi tẹ nǹkan.

Ó dáa. Mo lọ tẹ nǹkan. Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, mo wọ router Òjó, mo wọ ti Ìbà, mo wọ ti Okokomaiko, mo yí password mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ẹyọ kan. Orúkọ àbísọ ẹ̀ ló ṣáájú, èyí tí ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè, láìsí Bọ̀dá, láìsí Engineer, gbalaja báyẹn. Òdẹ̀ onívest ló tẹ̀ lé e. Router náà ní kò tó, ó ní password gidi gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, kó ní nọ́ńbà, kó sì ní àmì kan. Mo ní kò burú. Mo fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, torí ẹ̀kọ́ ilé. Mo fi 1 sí i, torí pé àkọ́bí ni. Mo fi àmì ìyanu sí ìparí ẹ̀, torí pé bí mo ṣe ń pariwo ẹ̀ nínú ọkàn mi nìyẹn. Router ní password náà lágbára gan-an. Mo ní èmi náà rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ má purọ́ fún mi, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Àwọn tó ṣòfin pé ìyàwó ò gbọdọ̀ pe orúkọ, ẹnu ni wọ́n fòfin dè. Ta ló sọ nípa ìka? Keyboard ò tíì dé ayé nígbà yẹn. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ kí Engineer tán, mo máa lọ jókòó, mo máa fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pè é ní orúkọ ẹ̀, ara mi á sì balẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dáa sí gbogbo èèyàn nílé yẹn ní gbogbo àsìkò yẹn o. Ìyá ọkọ mi gan-an sọ pé ìwà mi ti tutù, pé àdúrà ti ń ṣiṣẹ́. Password ni, Màmá. Password ló ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti wá bàjẹ́ nìyí. Àwọn tó ni ilé ìwé tún wá, wọ́n ń gbèrò láti kó ọmọ wọn wá ṣe ìdánwò àṣedánrawò. Obìnrin kan láti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ojú ẹ̀ là dáadáa, ó béèrè pé tí ọ̀nà tó wà láàárín Òjó àti Ìbà bá já nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa. Ìdáhùn ẹ̀ sì wà, mo ti ṣe ọ̀nà kejì sílẹ̀, tí ti orí òrùlé bá já, ti ìlà fóònù á gbà á lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Kó kàn sọ pé ọ̀nà kejì wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Engineer fa vest ẹ̀ wálẹ̀, ó ní tí ọ̀nà bá já, òun á fi kún bandwidth switch náà títí tí á fi dé Ìbà fúnra ẹ̀. Bandwidth, bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó ni o; ọ̀nà tó ti já, kí lèèyàn fẹ́ fẹ̀ níbẹ̀?

Mo rẹ́rìn-ín.

Mo gbìyànjú, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gba imú jáde. Ẹ̀rín yẹn ò ṣeé yí padà. Obìnrin Ọ̀tọ̀-Àwórì náà wò mí, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí àga ẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, ó ní ẹ̀yin ẹ dá mi lóhùn. Mo dá a lóhùn. Àwọn àlejò gbà, wọ́n mú Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ìpàdé tú. Engineer ní kí n dúró. Ó ní mo dójú ti òun níwájú ayé. Ó gba laptop tí mo fi ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ òun nìkan ni mo lè fi wọ àwọn router láti ilé, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, ó ní mi ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ilé ìdánwò kankan mọ́ àfi tí mo bá tẹ̀ lé ọkọ mi wá, tí mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí pé ó ní ìkúnlẹ̀ mi kò ní ìtumọ̀ mọ́, ó ti rí i pé mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni.

Ó kéré tán, ohun kan ti yé e.

Mi ò lọ. Ìyàwó wo ló ń dọ̀bálẹ̀? Nígbà tí ilé dákẹ́ díẹ̀, Engineer wá gbé fọ́tò kan sórí group ẹbí. Òun rèé nínú vest, tó fọwọ́ lé ìdí nínú yàrá server. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òun ti tún gbogbo wáyà tò sí ìpele àgbáyé, pé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ rúdurùdu. Àwọn àǹtí ní Ayétòrò ń kọ kú iṣẹ́ o, Engineer wa, Ọlọ́run á máa gbé ẹ ga. Mo fi ìka fẹ fọ́tò náà. Mo rí i pé ó ti yọ switch mi, ó ti fi òmíràn síbẹ̀, tuntun, tó ń dán, èyí tí kò ní ọpọlọ kankan nínú. Tèmi, mo ti kọ́ ọ pé tó bá rí ọ̀rọ̀ tó ń yí po, kó tì í mọ́ta. Èyí tó gbé wá, ohun tó bá gbọ́ ló ń tún sọ. Mo tún fẹ ẹ́ sí i. Mo rí wáyà yẹ́lò kan. Ó jáde láti ihò àkọ́kọ́ lára switch náà, ó gba ẹ̀yìn, ó yípo, ó sì wọ ihò tó kẹ́yìn lára switch kan náà.

Mo jókòó. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Engineer ò lè rí wáyà kó máa fì. Ó máa ń sọ fún mi pé wáyà tí ẹnu ẹ̀ bá ń rọ̀ dà bí okùn àgbò tó já ní ọjà àgbò Alaba Rago, àbùkù ni. Wáyà yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí mo bá fẹ́ so laptop mọ́ ọn. Ó rí i tó ń rọ̀, ó rí ihò tó ṣófo, ó ní áà, ibí ni yóò ti wọ̀. Ìmọ́tótó!

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Switch dà bí ẹni tó jókòó sí àárín agboolé. Tó bá gbọ́ ìkéde kan, á kéde ẹ̀ sí gbogbo yàrá. Kò burú, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Àmọ́ tí wáyà kan bá jáde lára ẹ̀ tó tún padà wọ ara ẹ̀, ìkéde tí òun fúnra ẹ̀ ṣe á gba ibẹ̀ padà wá bá a, á rò pé ìròyìn tuntun ni, á tún kéde ẹ̀, á tún padà wá, á tún kéde ẹ̀… títí ariwo á fi bo gbogbo ilé, tí ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ ò ní rí àyè sọ ọ́. Group ẹbí wa nìyẹn gan-an. Ohun tí Engineer sọ ni Màmá gbọ́, ohun tí Màmá gbọ́ ni àwọn àǹtí sọ, ohun tí àwọn àǹtí sọ ló tún padà dé etí Engineer, á ní ẹ ò rí i, gbogbo ẹbí ló ń sọ ọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ fọ́tò yẹn, Òjó ti dákú. Ìbà dákú. Okokomaiko dákú. Engineer pa á, ó tàn án, ó fi lọ́fínńdà wọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sórí group pé èmi ni mo fi password ti ilé ìdánwò pa láti ilé, kí ojú lè ti òun. Láti ilé! Pẹ̀lú kí ni? Pẹ̀lú laptop tó wà lọ́wọ́ ẹ̀? Kò sí ẹni tó béèrè. Wọ́n kọ áà. Wọ́n kọ obìnrin. Wọ́n kọ a ti ń sọ ọ́.

Wọ́n pe oníṣẹ́ kan wá láti ìta. Mi ò bú u, ohun tí wọ́n bá sọ fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ló máa wá. Wọ́n ní obìnrin kan ló ti router pa, ó lọ sí ìdí router, kò wo switch rárá. Ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní password, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á nu gbogbo ohun tó wà nínú router mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n tún wọn tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí kó tó di Sátidé. Gbogbo ọ̀nà tí mo là, ọ̀nà kejì, gbogbo ẹ̀, á di òfìfo. Mo gba nọ́ńbà ọkùnrin náà, mo pè é, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ohùn Engineer ni mo gbọ́. Ó ní a ti fi ẹ́ sórí speaker, gbogbo wa là ń gbọ́, sọ ọ́.

Mo pa fóònù.

Ìgbà yẹn ló wá sọ pé kí n kọ password náà sórí group, kí gbogbo ẹbí lè jẹ́rìí, pé òun fúnra òun ló máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹlòmíràn. Mo rò ó nínú ọkàn mi, Engineer nínú vest, tó tẹjú mọ́ fóònù, tó ń pè é síta bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀… mo sì tún rẹ́rìn-ín. Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹ̀rín yìí ló máa pa mí. Màmá sì fi voice note ránṣẹ́, ohùn wọn rọ̀, wọ́n ní ìyàwó mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kí ló wúwo nínú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu ẹ ò lè gbé? Sọ ọ́, olówó orí ẹ ò ní jẹ́ kí ojú tì ẹ́. Sọ ọ́ kí ilé tòrò.

Màmá… tí mo bá sọ ọ́, ilé ò ní tòrò.

Mo pinnu pé kí n sọ fún ọkọ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun ló jẹ́ kí n lè gbé nínú ẹbí yẹn látìgbà yìí. Ẹnu mi ò gbà á láti pè é, mo gba fóònù ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó di ikùn mú, ó ní òdẹ̀ onívest, Ọlọ́run mi o. Mo ní ọpẹ́ o, ó ti tán. Ó nu ojú, ó tún un kà. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Dúró ná, Ìyá Tóní. O pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ?"

Mo ní kí ni?

Ó ní òun lè bá mi bẹ̀bẹ̀ lórí òdẹ̀. Òdẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun, òun náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kódà onívest, òótọ́ ni. Àmọ́ orúkọ tí bàbá òun sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kí ìyàwó ilé máa pè é lójoojúmọ́, láìsí Bọ̀dá níwájú ẹ̀? Ó bọ́ síta. Látìgbà yẹn, ó ń jẹun, ó ń dáhùn, àmọ́ kò wo ojú mi. Ẹ bá mi rò ó o. Èébú ò dùn ún. Orúkọ ló dùn ún. Mo ní kó bá mi lọ tẹ̀ ẹ́, ó ní ọwọ́ òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó tún sọ ohun kan, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé tí Màmá bá rí i, òun ò mọ ibi tí òun máa dúró sí o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ju Engineer lọ, ju ẹbí lọ.

Àná ni ìyá kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa ní Igbó-Elérin dá mi dúró. Ọmọ ẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó máa ṣe àṣedánrawò ní Okokomaiko. Kò tíì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí fún ìdánwò, ìyẹn ni ìyá náà ṣe fẹ́ kó lọ dán ọwọ́ wò. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ wa o, Sátidé ti dé tán, mo ti sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, kó má bẹ̀rù. Mo ní àmín. Kí ni mo ń ṣe àmín sí? Mi ò mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé wáyà yẹ́lò ni, àbí? Kò gba password. Kò gba router. Ọmọdé lè fà á yọ. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: tí mo bá sọ ọ́, Engineer á yọ ọ́, á wọ vest, á ya fọ́tò, á ní òun rí i fúnra òun. Àwọn tó bá sì mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́ á ní báwo ló ṣe mọ̀ láti ilé, ẹ ẹ̀ rí i pé òun ló ṣe é? Tí mo bá sọ password, ọkọ mi á lọ dúró níbi tí kò mọ̀. Tí mi ò bá sọ ọ̀kankan, oníṣẹ́ yẹn á nu iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ á jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ojú ẹ̀ ṣófo… mo sì jẹ́wọ́ fún yín, nítorí ìjẹ́wọ́ ni mo wá ṣe, ọ̀nà kẹta yìí ló wù mí jù fún odindi ọ̀sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó dúró nínú vest níwájú obìnrin Ọ̀tọ̀-Àwórì yẹn kó máa fi kún bandwidth. Títí àná, kí ìyá yẹn tó sọ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ ọ́ sórí group kí n sì kó ẹrù mi? Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀? Ṣé ẹni tó ti fi ìka pe orúkọ lè fi ìka kan náà bẹ̀bẹ̀?

Mo ti ń kọ ọ́ bọ̀, mo sì rí i pé ohun kan wà tí mo lè ṣe.

Engineer, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka page yìí, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ "àwọn ìyàwó òde òní" sábẹ́ ẹjọ́ gbogbo obìnrin, fọ́tò vest yín sì wà níbẹ̀. Wáyà yẹ́lò tó wà lára switch tuntun yín, sà, ẹ fa ẹnu kan ẹ̀ yọ, ẹ jẹ́ kó máa fì bí okùn àgbò. Ìyẹn nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan router. Network á jí, àwọn ọmọ á ṣe ìdánwò wọn, ẹ sì lè ya fọ́tò. Àmọ́ ẹ ò lè yọ wáyà yẹn láìgbà pé ẹ ka ibí yìí, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ẹ̀yin ará page, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí Òjó bá jí kó tó di Sátidé, á jẹ́ pé ó kà á, á jẹ́ pé ó mọ password láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá bọ́ bàtà tán, tí mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, tí Màmá ń wò mí, tí ọkọ mi ń wò mí… kí ni kí n pè é?